Kíka Eruku Nínú Ojú Yakup

Ní Trabzon, òjò kì í tọrọ àyè kó tó wọlé.
Yakup gbé àgbọ̀n lé orí irin, ó fi iwájú orí tì í;
òórùn ẹja hamsi kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
Dókítà Nermin pa iná yàrá,
ó ku ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan tó tín-ín-rín bí ojú abẹ.
"Sún mọ́ ibí," ó wí fún mi, "kà á."

Omi inú ojú yẹ kó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn,
ṣùgbọ́n eruku funfun ń fò nínú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
bí èyí tí oòrùn bá lójijì nínú àká.
Mo ka mẹ́rìnlá. Mo tún un kà, ó di ogún.
Nísàlẹ̀ ẹyinjú, ìlà funfun kan dùbúlẹ̀
bí ògì tó sùn sí ìdí ìkòkò.
"Ọmọ ogun ni wọ́n," Nermin wí.
"Ọmọ ogun tirẹ̀."

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Kò sí kòkòrò níbí o.
Ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ewé ara rẹ̀.
Ta ló rán ẹ̀ṣọ́ pé kó dáná sun ààfin?
Ó ti ń béèrè láti ọdún mọ́kànlélógún.
Ìbéèrè náà wà nínú fìríìjì lẹ́yìn wa,
nínú ìgò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lára wọn:
apẹja, olùkọ́, ọmọge tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì ní Erzurum,
ọkùnrin kan tó fọ́jú kí oògùn tuntun tó dé.
Fọ́tò ìyẹn wà lára ògiri. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé màá tún lè rí ojú àwọ̀n,
kí n dí i níbi tó bá ya?"
Ojú òsì ti lọ; ó mọ̀, a mọ̀, a kò purọ́.
Ti ọ̀tún la ń dù:
oògùn kíkán ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí kan òru,
abẹ́rẹ́ sí ikùn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì
tó ń bẹ ọmọ ogun pé ẹ rọra, ẹ̀yin aráalé.
Bí wọ́n bá sì sùn jù, ikọ́ lásán lè di ọ̀ràn.
Nermin sọ ìyẹn náà. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù mẹ́ta, ó padà wá, yìnyín léjìká rẹ̀,
ẹja nínú bébà ìròyìn.
Iná kú. Abẹ ìmọ́lẹ̀ yọ.
Mo kà: ọ̀kan.
Mo dúró, mo tún wò.
Ọ̀kan ṣoṣo, ó ń rìn gbéregbère bí ẹni tó ṣìnà.

Nermin kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ̀kan sínú ìwé,
ó ní kí n lọ fọwọ́,
ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú.