Ilé Tó Dúró ní Líńtẹ̀lì

Bíríkìlà ni mí. Ọbáńtokò ni iṣẹ́ mi wà,
ilé oníyàrá mẹ́rin tó kọjú sí àpáta.
Ó dé líńtẹ̀lì, ó dákẹ́.
Irin orí òpó ti ń dípẹtà,
alángbá ti gba pálọ̀,
ó ń mirí bí ẹni tó sanwó ilẹ̀.

Onílé wà ní Jámánì, Adégbuyì ọmọ Ṣópéjú.
Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló ń dè nílé iṣẹ́ wọn,
ilẹ̀kùn apá òsì nìkan, láti àárọ̀ dalẹ́.
Ọkọ̀ náà á bọ́ sójú omi, ó di Àmẹ́ríkà.
Lóṣù karùn-ún ó pè mí:
“Bàbá Títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì dáwọ́ dúró.
Àmẹ́ríkà ti fi kún owó bodè.
Wọ́n ti gé ọjọ́ iṣẹ́ wa sí mẹ́ta lọ́sẹ̀.”
Mo ní, “Bodè wo?”
Nẹ́tíwọ̀kì já.

Ìgbà yẹn ni mo di èrò Sápọ́n láràárọ̀,
níbi tí Múdà ń tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀
tí a ń dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́.
Ọ̀gá Ṣówándé, tó fẹ̀yìn tì ní kọ́sítọ̀ọ̀mù Ìdí-Ìrókò, ní:
“Ẹni tó lọ́jà ló lẹ́nu.
Kí Àmẹ́ríkà gba owó rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹni ni.”
Bísíríyù télọ̀ fò dìde:
“Ta ló ń san án gan-an? Ṣé ọkọ̀ ló ń yọ owó lápò ni?
Ará Àmẹ́ríkà tó fẹ́ ra ọkọ̀ ni!
Ẹ ní ẹ fẹ́ fìyà jẹ aládùúgbò,
ẹ wá rọ ata sínú ọbẹ̀ ara yín.”
Ẹnìkan ní wọ́n ti fẹnu kò sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún.
Ẹnìkan ní irọ́, ọgbọ̀n ni,
Yúróòpù náà sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ tirẹ̀ sílẹ̀.
Múdà ní kí ẹni tí kò ra ìwé
má tẹ ìwé òun mọ́lẹ̀.

Bàbá Ẹfúnṣílé wúkọ́ lórí àga:
“Ìyá ìyá mi ru epo láti oko wá sí Aro.
Oníbodè jókòó sẹ́nu odi, ó ń ka owó ẹyọ.
Bó bá béèrè ju bó ti yẹ lọ,
ìyá ìyá mi a sọ ẹrù,
a jókòó tì í, a ju obì sẹ́nu.
Ó ní oníbodè náà á jẹun lálẹ́,
ìyàwó rẹ̀ á sì wá wá epo ọbẹ̀.”

A bú sẹ́rìn-ín. Tèmi ò pẹ́.
Mo ní, “Bàbá, àwọn tó tò sẹ́yìn ìyá yín ńkọ́,
nínú oòrùn, tó jẹ́ tòmátì ni wọ́n rù?”
Ó wò mí.
Ó wo igbá tó wà lórí ọmọ kan tó ń kọjá.
Kò fèsì.

Ẹ má pa òwe erin méjì àti koríko fún mi.
Èmi kì í ṣe koríko.
Mo ní ṣọ́bìrì, mo ní okùn ìwọ̀n,
mo ní ọmọ méjì ní pólì,
mo jẹ oníyanrìn ní ìrìn mẹ́ta.

Lálẹ́ àná, Adégbuyì fi ohùn ránṣẹ́:
àwọn àgbà méjèèjì tún ń pàdé lọ́jọ́bọ̀.
Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí sìmẹ́ńtì tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.
Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọbáńtokò, ẹnikẹ́ni ò rán mi.
Mo fi ọ̀rá bo búlọ́ọ̀kù nítorí òjò,
mo gbé ìwọ̀n lé ògiri:
ó ṣì tọ́, kò yẹ̀.

Mo dúró lójú ilẹ̀kùn apá òsì,
níbi tí kò tíì sí ilẹ̀kùn.
Atẹ́gùn ń wọlé, ó ń jáde,
ẹnikẹ́ni ò gba bodè lọ́wọ́ rẹ̀.
Alángbá gbé orí sókè, ó wò mí
bí ẹni tí háyà rẹ̀ ti tó san.