Ìwé Ibojì Àwọn Káńsílọ̀

Alága ní kí n lọ kọ ọ́ wá,
ibi tí wọ́n sin gbogbo káńsílọ̀ tó ti jẹ rí lágbègbè wa.
Wọ́n fún mi ní ìwé kan, bírò kan,
àti owó ọ̀kadà tí kò lè gbé mi kọjá Láfẹ́nwá.

Àpáta ni Abẹ́òkúta.
Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ibojì níbí,
kó kọ́kọ́ bi ilẹ̀ bóyá ó gbà.
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lu ilẹ̀ fún Jósáyà Ṣóbándé,
dígà méjì kán,
ẹsẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n gbẹ́ dé.
Ọkùnrin tó ṣèlérí pé òun yóò la títì gba inú òkúta kọjá,
òkúta ò jẹ́ kó wọlẹ̀ tán.

Ti Bùráímọ̀ Àkànmú ò ní àmì.
Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀sìn àwọn ò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé lé òkú lórí.
Mo ní ó dáa, ibo wá ni gan-an?
Èyí àgbà nawọ́ sí ìdí ọsàn,
àbúrò nawọ́ sí ẹ̀yìn balùwẹ̀,
ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn.
Mo kọ ọ́ báyìí: àárín ọsàn àti balùwẹ̀.

Ní ìtẹ́ òkú ìjọ,
Ṣóéwù àti Àìnáṣeéré jọ dùbúlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan ló wà láàárín wọn.
Lọ́dún tí wọ́n jọ du ipò,
ọmọ ilé kan ò gbọdọ̀ pọn omi kọjá níwájú ilé kejì.
Ewúrẹ́ kan sùn sórí ti Ṣóéwù,
ó ń na ọrùn jẹ koríko orí ti Àìnáṣeéré.
Mo dúró wò ó títí. Kò sẹ́ni tó bínú.

Ẹni tó jẹ lẹ́ẹ̀mejì (ẹ mọ̀ ọ́n, n ò ní dárúkọ)
kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè:
táìlì dúdú, géètì onírin, àga ìjókòó fún olùbánikẹ́dùn.
Òkè òkun ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.
Ìyá tó ń ṣọ́lé ń sá láfún lórí táìlì náà.
Ó ní kò síbi tó ń tètè gbẹ tó o nílé yìí.
Mo kọ ọ́: òfìfo. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́: láfún.

Fẹ̀hìntọlá Ṣówándé, obìnrin kan ṣoṣo inú wọn,
ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ní Kẹ́mta, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀,
àwọn ọmọdé ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi tó gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ ṣì ń yọ.
Mo bá ọmọbìnrin kan lọ́nà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì.
"Níbo lò ń lọ?"
"Fẹ̀hìntọlá ni mò ń lọ."
"Ta ni Fẹ̀hìntọlá?"
Ó wò mí bí ẹni wo dìndìnrìn.
"Ṣé ẹ ò mọ omi ni?"

Bàbá mi du ipò náà lẹ́ẹ̀kan.
Ìbò mọ́kànlá ni wọ́n fi borí rẹ̀.
Títí tó fi kú ló ń ka àwọn mọ́kànlá náà,
lórí ìka, lórí ibùsùn,
pé lágbájá ní ibà lọ́jọ́ náà,
pé tàmẹ̀dù lọ sóko.
Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà, ní Àgọ́-Ọ̀kọ̀,
ata ti hù níbi ẹsẹ̀ rẹ̀.
Pósítà rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa,
ojú ti ṣí kúrò, ẹ̀rín ló kù.

Alága ní àwọn tó jẹ nìkan ni kí n kọ.
Mo gbọ́.
Nígbà tí mo gbé ìwé padà dé,
ó rí ìlà kan tó ṣófo láàárín ẹni kẹrin àti ẹni karùn-ún.
Ó ní, "Kí lèyí?"
Mo ní bírò ni kò yọ mọ́ níbẹ̀.