Ìbọ̀sẹ̀ Kan Lórí Àràbà

Láti fèrèsé ẹ̀yìn, ní kọ́tàsì rélùwéè Ọ̀fà,
mo ń wo àràbà tí ọyẹ́ ti bọ́ láṣọ.
Ìtẹ́ àwòdì nìkan ló kù ní oríta ẹ̀ka rẹ̀,
ó rí wúruwùru bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun.

Òròmọdìyẹ mẹ́sàn-án ni mo ní kí ọyẹ́ tó dé;
mẹ́rin ló ń tẹ̀ lé ìyá wọn báyìí.
Jìmọ̀ ọmọ ilé kejì mú rọ́bà wá,
ó ti ṣa òkúta kún àpò.
Mo ní, "Ní sùúrù ná."
Bí o bá bi mí ní ìdí rẹ̀, n kò rí nǹkan kan sọ.

Mo gbé awò tí ọkọ mi fi sílẹ̀ sójú,
èyí tó ń fa ọ̀nà jíjìn wá sítòsí,
tó fi ń wo iná ojú irin nígbà tí rélùwéè ṣì ń fọnkùn.
Ọmọ méjì ni. Òwú funfun lára, ẹnu yàà.
Ìyá bà pẹ̀lú eku lẹ́sẹ̀,
ó ń já a díẹ̀díẹ̀, ó ń fi í sí wọn lẹ́nu
bí ẹni ń yọ egungun ẹja fún ọmọ ọwọ́.
Ẹ̀gbọ́n jẹ, ó tún jẹ, ó yíjú, ó ṣá àbúrò lórí.
Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀kan ṣoṣo ni mo kà.
Ìyá kò wá a kiri.
Ó gbọn ìyẹ́, ó tún lọ ṣọdẹ.

Wọ́n ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun.
Irọ́ ni. Ó yí ọrùn, ojú wá di mẹ́rin,
èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Ìgbà tí mo tún wò ni mo rí i:
láàárín igi gbígbẹ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà,
ìbọ̀sẹ̀ búlúù, òwú pupa ní gìgísẹ̀.
Ọwọ́ mi ló rán òwú yẹn.
Ti Sídíkátù ni, ọdún kẹta rèé.
Mo bá a wí títí ó fi sunkún,
mo ní aláìbìkítà, mo ní owó kì í so lórí igi.
Ó ní, "Màámi, mo sá a sórí okùn."
Mo ní kó pa ẹnu mọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ láago ní Ṣókótó.
Mo ní, "Sídíkátù, òótọ́ lo sọ."
Ó ní, "Òótọ́ wo?"
Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun á pè mí padà.

Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ta sórí páànù,
ọmọ àwòdì dúró létí ìtẹ́, ó na apá,
ó pa á dé, ó tún nà án.
Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ gbà á.
Ó fì sọ́tùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ó gbéra.
Mo pàtẹ́wọ́, èmi nìkan, lójú fèrèsé.

Kíá ni mo sáré jáde
lọ kó òròmọdìyẹ mẹ́rin mi wọlé.