Èyí Tó Rí Ojú Ọmọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi Adéròójú ló fà á.
Mo fi àwòrán ọmọ ránṣẹ́ láti orí fóònù,
ó pè mí láti Ìjerò lóru, ó ní,
"Eyín rẹ̀ ni mo rí, funfun bí àgbàdo tútù,
mo sì rí yìnyín rẹpẹtẹ.
Ṣé ọmọ tí kò lójú ni ẹ bí sí Kánádà ni?"
A rẹ́rìn-ín títí.
Ẹ̀rín náà wá ń dùn mí nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ìsọ̀ àwọn Petryshyn ní Saskatoon,
lọ́jọ́ tí òtútù sọ̀ kalẹ̀ dé ọgbọ̀n lábẹ́ òdo,
èmi àti Mọ́rẹ̀nikẹ́jì, ọmọ ọdún mẹ́rin,
nínú ẹ̀wù tó nípọn bí tìmùtìmù,
igba dọ́là nínú àpò mi, owó àfikún iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀.

Kékeré ni mo fẹ́.
Awakọ̀ bọ́ọ̀sì iléèwé ni mí,
àpò àyà mi ti gba ìbọ̀wọ́, ìwé àṣẹ, ṣingọ́ọ̀mù,
àyè tó bá kù ni kámẹ́rà yóò fi ṣelé.
Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ:
irú rẹ̀ ni mo ń wá.

Ọmọkùnrin tó ń tajà kó mẹ́ta kalẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki wọ́n:
èyí ní mẹgapíksẹ́lì ogún, èyí ní mẹ́rìnlélógún,
èyí a máa fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni nílọ̀ọ́po ọgbọ̀n,
á gbé òṣùpá wá sẹ́nu ọ̀nà ilé yín.
Mo ní, kí ni mo fẹ́ fi òṣùpá ṣe?
Ọmọ mi ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí mi.

Ìyá àgbà rẹ̀ dìde lẹ́yìn káńtà.
"Iye kọ́ ni ìríran," ló wí.
"Inú lọ́hùn-ún lojú rẹ̀ wà.
Bí ojú náà bá fẹ̀, á mu ìmọ́lẹ̀ yó.
Bí kò bá tó èékánná ọmọ yìí,
ẹ ka ẹgbàágbèje lé e lórí,
òùngbẹ á ṣì máa gbẹ ẹ́."
Ó wọ ẹ̀wù òtútù. "Ẹ jẹ́ ká jáde."

Èkíní, tó ń dán gbinrin, rí yìnyín, ó gbádùn yìnyín,
ó sọ ọmọ mi di èédú tó já sínú ẹ̀kọ.
Èkejì kú sí mi lọ́wọ́: òtútù ti jẹ bátìrì rẹ̀.
Ìyá gbà á, ó kì í bọ abíyá
bí adìẹ tó ń sàba.
Ẹ̀kẹta, tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó,
àgbẹ̀ kan ló fi ń ya màlúù rẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́. Èédú kan náà.
Ọkàn mi wálẹ̀ pẹ̀ẹ́.

Ìyá nàka sí kẹ̀kẹ́ tíntín kan lórí rẹ̀.
"Yìnyín ló ń parọ́ fún un,
ó ń sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀jù.
Yí i sí apá àròpọ̀, lẹ́ẹ̀kan,
kí o sọ fún un pé irọ́ ni."

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Ìka mi ti kú. Mo yí i.

Ojú ọmọ mi yọ:
dúdú tí pupa ń jó lábẹ́ rẹ̀,
àpá ibi tó fi orí gbá ìlẹ̀kùn,
yìnyín wínníwínní lórí ìpéǹpéjú
tí mo lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan,
ikun tó ń dán lábẹ́ imú.

Ogóje dọ́là. Mo ná an,
bàbá mi ò ní dárí jì mí bí mi ò bá ná an.
Ó yọ mẹ́wàá, ó fi bátìrì kan ṣe èènì.

Mo tẹ àwòrán náà sórí páálí, mo fi ránṣẹ́ sílé.
Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Adéròójú tó pè.
Mo ń retí pé á sọ̀rọ̀ ojú.
Ó ní, "Ẹ ò lè nu imú ọmọ kẹ́ ẹ tó yà á?"