Akẹ́kọ̀ọ́jáde

Lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì,
àlàfo kan wà: Ipò akẹ́kọ̀ọ́.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́jáde.
Mo pa á rẹ́.

Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́, tó sì jáde, ni ọ̀rọ̀ náà wí.
Mo jáde lóòótọ́, lọ́dún tí kànga Òkè-Òdó gbẹ kanlẹ̀;
mo ya fọ́tò, mo ju fìlà sókè,
ẹ̀ka dóńgóyárò gbà á, kò fún mi padà.
Lẹ́yìn náà mo tún wọlé.
Kí là ń pe ẹni tó jáde, tó tún wọlé?
Yorùbá ní orúkọ fún ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù?

Nàfíù àbúrò mi kọ́ wẹ́dà ní Gérí Àlímì.
Ọdún mẹ́ta, ó ṣe fìrídọ́ọ̀mù,
wọ́n ṣàdúà, wọ́n pín wàrà.
Ó bi mí lálẹ́ Jímọ́ọ̀:
"Àǹtí, ọ̀gá tiyín dà, tí kò fẹ́ dá yín sílẹ̀?"
Mo ní ìwé ni mò ń kọ, lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.
"Ọ̀rọ̀ kan, ọdún mẹ́rin? Ọ̀rọ̀ yẹn wọ́n o."

Jáde ni ọ̀rọ̀ náà.
Ọ̀gá mi fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-ìwé kẹsàn-án:
Àṣírí ń jáde, èsì ìdánwò ń jáde,
òkú ń jáde nílé.
Ṣé jáde kan náà ni?

Ìyá mi ń mọ ìkòkò ní Dada.
N kò bi í ní nǹkan kan; mo kàn jókòó tì í
níbi tí wọ́n ti ń fi koríko gbígbẹ sun amọ̀.
Ó fi igi gígùn fa ọ̀kan síta,
ó pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Mo ní, "Ó ti jáde."
Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"
Ó da omi èèpo irúgbá lé e lórí, ó hó ṣàà,
ó dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán.
"Tó o bá gbé e lọ bó ṣe wà yẹn, á máa jò."
Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó wò mí tìtì:
"Ṣé ẹ tiẹ̀ ń jẹun níbẹ̀ ṣá?"

Lọ́jọ́ Ajé mo dá fọ́ọ̀mù padà.
Nínú àlàfo mo ti kọ: ń jáde.
Akọ̀wé gbé awò sójú.
"Orúkọ ipò la ní kí ẹ kọ.
Ń wo lẹ tún há sí iwájú ẹ̀ yìí?"

Mo ní, òun ni ọdún mẹ́rin.