Èsì Lẹ́tà Tó Béèrè Fótò

Ọ̀gbẹ́ni Dirksen, owó yín dé.
Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,
bí olè tó kóni lẹ́rù lọ ni;
nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ná,
kí n tó sọ èyí tó ń dùn mí.

Atẹ́gùn oṣù kẹjọ ló ṣí òrùlé wa,
ó gbé e sọdá òkè bí ẹni gbé fìlà.
Owó yín ra páànù mẹ́rìndínlógún,
ó ra ìṣó, ó ra àpò ìyẹ̀fun àgbàdo méjìlá.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ márùn-ún ló rù wọ́n gun òkè Lesotho wá.
Páànù ń ró gbàù-gbàù lẹ́yìn wọn,
ọ̀kan bẹ̀rù ariwo ẹ̀yìn ara rẹ̀,
ó da ẹrù sódò, ó sá padà sọ́jà.
Omi tutù débi tí eyín wa ń lu ara wọn;
a wọ̀ ọ́ náà, a ṣà wọ́n.
Páànù kan sọnù.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò. Ẹ ó rí i níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fótò.
Ẹ ní kí àwọn ọmọ dúró láìwọ bàtà,
kí wọ́n má rẹ́rìn-ín,
kí ojú wọn fa àánú,
kí àwọn olówó ìlú yín lè tọwọ́ bàpò.
Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.
Mo fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ dáná, mo tún un kà.
Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó ń tọrọ kì í yan ọ̀nà.
Mo kó wọn síta.

Lekhotla, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
tó sin ìyá, tó sin bàbá láàárín ìgbà òtútù kan ṣoṣo,
tó ń da àgùntàn olówó títí oòrùn fi kan àtàrí
kó tó wọ kíláàsì tòun ti bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ń rùn bí agbo ẹran,
mo ní kó fajú ro.
Ó fi ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu.
Ẹ̀rín gba imú jáde.
Bí iná ṣe ń ran koríko gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ràn:
Tšeliso tó ń kólòlò, Moliehi tí ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn,
gbogbo ìlà.

Khethisa wọ bàtà rọ́bà bàbá àgbà rẹ̀,
èyí tó mù ún dé orúnkún,
tí bàbá náà fi wa wúrà ní Welkom
títí eruku fi jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tán.
Mo ní, "Bọ́ ọ."
Ó wo bàtà, ó wò mí.
Ó ní, "Màmá, kí ni bàtà ṣe?"

N kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ má bínú.
Kì í ṣe pé a yó.
Ìyẹ̀fun yóò tán ní Ọjọ́bọ̀.
Nthabeleng alásè ti ń bu omi kún ìkòkò,
ó ń ka orí ọmọ, ó ń ka ife,
orí pọ̀ ju ife lọ.
Òjò dídì ń bọ̀, páálí la ṣì fi dí fèrèsé méjì.
A nílò yín; n kò ní torí ìgbéraga fi ìyẹn pamọ́.
Ṣùgbọ́n ẹkún táwọn ọmọ yìí ní, òru ni wọ́n ń sun ún,
lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, níbi tí fótò kì í dé,
n kò sì ní lọ jí i wá fún yín.

Fótò nìyí. Ẹ̀rín ló kún un.
Bí kò bá pa owó, ẹ dá a padà,
ògiri wa ní àyè.
Èyí tó kẹ̀yìn sí yín lápá òsì yẹn,
ẹ má pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́:
àgùntàn kan ló fẹ́ wọ oko olóko.