Létà Tí A Fi Èéfín Ṣí

Ọmọ ọmọ wa, Raitis, ló gbàgbé eré náà sílé wa lẹ́yìn ìsinmi.
Eré amí ni, ṣùgbọ́n kì í sáré.
Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ń gbiná.
Yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan, àga kan, ògiri tín-ín-rín kan.
O ó fi etí lé ògiri, o ó máa dúró.
Nígbà mìíràn ogójì ìṣẹ́jú á kọjá
kí ẹnìkan tó wúkọ́ ní òdìkejì,
ìwọ á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa tíráàmù ní Rígà.
Mo mọ ìdúró. Eré náà bá mi lára mu.

Velta jókòó tì mí, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀,
kò gbójú sókè
títí eré fi ní kí n ṣí létà kan kí ẹni tó ni ín má mọ̀.
Mo gbé kẹ́tùlù lé iná, mo na àpò ìwé sí èéfín.
"O sún un mọ́ ọn jù," ni ìyàwó mi wí.
"Tàdáwà á ṣàn. Gbé e sókè díẹ̀.
Abẹ́rẹ́ ni kí o fi ká a, má lo ọ̀bẹ.
Láti igun òsì. Gọ́ọ̀mù kì í pọ̀ níbẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Àpò ìwé là bí ẹnu ọmọ tó ń sùn.

Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń ṣe é lálaalẹ́,
èmi lọ́wọ́, òun lẹ́nu.
Ó ń dá òpùrọ́ mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán:
"Àlàyé rẹ̀ gùn ju ìbéèrè lọ."
Ó ní kí n má fún obìnrin yàrá kejì ní nǹkan kan,
kí n kàn lọ yá ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ẹni tó bá jẹ ọ́ ní gbèsè á máa ṣọ́ ọ.
Ẹni tí o jẹ ní gbèsè ló ń finú hàn ọ́."

Dzidra ni wọ́n pe obìnrin náà. Ó ń tún pìánò ṣe.
Ní alẹ́ kọkànlá ó sọ fún wa
pé àbúrò òun fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi sá lọ.
Ó sọ ọ́ bí ẹni gbé ẹyin lé ni ní àtẹ́lẹwọ́.

Eré dákẹ́. Fọ́ọ̀mù kan yọ,
ìlà kan níbẹ̀ fún orúkọ. Kò sí aago tó ń kánjú wa.
Mo ní, "Ká kọ orúkọ ẹlòmíràn."
"Ẹlòmíràn náà ní ìyá."
"Ká fi í sílẹ̀ lófìfo ńkọ́?"
"Wọn á béèrè ìdí. Wọn á ti po tíì fún ọ. Wọn kì í pariwo."
Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ kalẹ̀. Mo wò ó:
ẹsẹ̀ méjì ti pé tipẹ́, ẹ̀kẹta ló ń hun.

Wọ́n ní ògiri létí. Ta ló ti bi ògiri rí
ibi tó ń gbé ohun tó gbọ́ lọ?

Lókè wa níbí, Austris ọ̀rẹ́ mi a máa tẹ pìánò.
Ọdún méjìlélógójì rèé tí ọkùnrin mẹ́ta gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun;
Velta dìde nídìí tábìlì, ó lọ fọ abọ́ tó ti mọ́.
Àṣírí Austris, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún.
Èmi náà, ẹnìkan péré ni mo sọ ọ́ fún.

N kò bi í ní nǹkan kan.
Mo ní, "Velta, yá mi ní ṣúgà ṣíbí kan."
Nínú ilé tí a jọ ni.

Ó wò mí pẹ́,
bí ẹni tó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀ nínú létà ẹlòmíràn.
Ó fi ìdérí dé abọ́ ṣúgà.
Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń dúró.